Tẹ́tẹ́ Àwo Rọ́bà, Ọkọ Mi àti Ojú Ìsọ̀ Mi

Bí ẹ bá rí àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí wọ́n dorí kodò sójú fóònù, tí wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ lórí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá nílùú tí ẹsẹ̀ wọn ò ní tẹ̀ láé, ẹ rọra bá wọn wí. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti ta tẹ́tẹ́ rí lórí àwo tó ń fò. Kì í ṣe àwo ìjẹun o. Àwo rọ́bà ni, pẹlẹbẹ, ó fẹ̀ tó ìdérí ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n á sì jù ú láti òkèèrè kó lè bọ́ sínú agbọ̀n. Agbọ̀n náà, ọwọ́ mi ni wọ́n ti rà á. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Agbọ̀n ni mò ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà náà, lẹ́yìn tí àwọn ológun lé àwọn olóṣèlú lọ, tí ṣúgà àti ọṣẹ di nǹkan tí èèyàn ń tò fún. Agbọ̀n adìyẹ, agbọ̀n ọsàn, apẹ̀rẹ̀ tòmátì, gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi. Ìwé mẹ́ta ni mo kà tí ìyá mi fi gbà mí lọ́wọ́ tíṣà, ó ní ẹnu mi nìkan ti tó mi jẹun. Ó sì tó.

Ojú ìsọ̀ mi wà ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ ọjà. Ìyá mi ló kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀ kí n tó jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ ra ata, ẹni tó bá fẹ́ ra ẹran, ọ̀dọ̀ mi ni yóò gbà kọjá, yóò sì kí mi. Ẹni tí kò bá kí mi, èmi á kí i, kíkí yẹn kì í sì í dùn létí.

Ẹni tí ojú rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀ ni Ìyá Oníkòkò, tó ń ta ìkòkò alumíníọ̀mù. Ọdún kan náà la jọ bẹ̀rẹ̀ ọjà, ọdún kan náà la jọ ń bú ara wa bọ̀. Òun ní ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn irin tó ń fi kọ́kọ́rọ́ tì ní ìrọ̀lẹ́, àmọ́ inú lọ́hùn-ún ló wà, lẹ́bàá gọ́tà, níbi tí oníbàárà kì í dé àfi tó bá ṣìnà. Èmi ní ẹnu ọ̀nà, mi ò nílẹ̀kùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ gbogbo ni mò ń di agbọ̀n lé agbọ̀n, tí mò ń rù wọ́n relé bí ìgbín tó ru ilé rẹ̀. Ohun tí mo ní lòun ń fẹ́, ohun tó ní lèmi náà ń fẹ́, a ò sì jẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ fún ara wa.

Ọkọ mi ti fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣiṣẹ́ títí. Ó ń kó gààrí láti Ayépé, ó ń kó pákó gba Odògbolú kọjá, kò sí gáréèjì tí wọn ò ti ń pariwo orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ẹni tó lọkọ̀ ta ọkọ̀ rẹ̀, kò rí òmíràn wà. Ó wá di ẹni tó ń jókòó síwájú ilé pẹ̀lú rédíò. Ọkùnrin tí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà mọ̀ dáadáa wá di ẹni tí ọmọdé ń sọ fún pé, bàbá, bátìrì rédíò yín ti kú o. Kò bínú, kò rojọ́. Ó kàn ń dákẹ́ sí i lójoojúmọ́ ni, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù, torí pé ẹni tó bá ń bínú ni mo mọ bí mo ṣe ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹni tó gbé eré àwo dé jẹ́ ọmọ àdúgbò wa tó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, tó padà wálé wá ń kọ́ni. Ará Amẹ́ríkà la ń pè é. Ó wá sí ìsọ̀ mi, ó ní òun fẹ́ ra agbọ̀n púpọ̀. Mo bi í pé kí ló fẹ́ kó sínú wọn. Ó ní àwo. Mo ní àwo wo? Ó ní àwo tí òun bá jù láti òkèèrè. Inú mi lọ́hùn-ún, mo káàánú ìyá rẹ̀ tó ta ilẹ̀ rán an lọ. Àmọ́ mo ta agbọ̀n fún un, torí pé wèrè náà ń ra ọjà.

Pápá kan lọ́nà Ìjagun ló lọ so wọ́n sí. Wọ́n á so agbọ̀n kan mọ́ ara igi níbí, òmíràn lọ́hùn-ún, títí yí pápá po. Ẹni tó bá ń ṣeré á dúró lókèèrè, á ju àwo. Ibi tó bá bọ́ sí ni yóò ti tún un jù, títí yóò fi wọnú agbọ̀n, á wá kọjá sí òmíràn. Ẹni tí ìjù rẹ̀ bá kéré jù nígbà tí wọ́n bá dé ìdí igi ìgbẹ̀yìn ló jẹ. Gbogbo eré náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni yóò máa lọ wò ó. Mo gbàgbé pé Ìjẹ̀bú ni wá. Níbi tí ẹni méjì bá ti ń du nǹkan, Ìjẹ̀bú kẹta á ti gbé nǹkan kalẹ̀ lórí ẹni tó máa rí i gbà.

Ará Amẹ́ríkà ní òun ò fẹ́ rí tẹ́tẹ́ owó lórí pápá òun. Gbogbo wa gbọ́, a ní ó dára bẹ́ẹ̀. Gààrí kì í ṣe owó. Àkùkọ kì í ṣe owó. Iṣẹ́ oko ọjọ́ kan kì í ṣe owó. Bí wọ́n ṣe ń ná ọjà ni wọ́n wá ń ná tẹ́tẹ́. Ẹnìkan á ní òun fi àkùkọ kan lé Ará Amẹ́ríkà, èkejì á ní ta ni kò mọ̀ pé Ará Amẹ́ríkà ló máa jẹ, fi méjì lé e kí n tó fi ẹyọ kan dá ọ lóhùn. Wọ́n á fà á títí, eré á ti parí, wọn ò ní tíì gbà fún ara wọn.

Mi ò ní purọ́, oore wà níbẹ̀. Agbọ̀n mi tà, torí pé oòrùn àti òjò ń jẹ èyí tó wà lórí igi, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn tí kì í kí ara wọn nílé wá ń jókòó sórí ẹní kan náà. Tíṣà ń bá alápatà jiyàn, alápatà sì ń borí. Àwọn tó ti ń fi gbogbo oúnjẹ ilé ta púùlù, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, tẹ́lẹ̀ wá ń fi adìyẹ ta àwo, ìyàwó wọn ní ó sàn bẹ́ẹ̀, ó kéré tán àwọn mọ ibi tí adìyẹ náà lọ, àwọn lè lọ bẹ ẹni tó jẹ ẹ́.

Ibi tó burú sí náà wà. Télọ̀ kan fi áyọ́ọ̀nù rẹ̀ ta, ó pàdánù rẹ̀, àwọn oníbàárà ẹ̀ wá ń wọ aṣọ rírún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹ bá ti rí ẹ̀yìn wọn ẹ mọ ẹni tó rán an. Ẹni tó ta lé ọ lónìí tó ń ṣàdúrà fún apá rẹ, bó bá ta lé ẹlòmíì lọ́la, á ní kí apá náà rọ. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹni tó bá ti ta kì í rí eré mọ́. Àwo á fò lójú ọ̀run bí ẹyẹ àwòdì, ó dára ní wíwò, ẹni tó ta á kàn máa wo adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀.

Èmi ni mo mú ọkọ mi débẹ̀. Mo ní kó bá mi ru agbọ̀n lọ, ó rù ú, wọ́n ní kó ju àwo wò. Àwo àkọ́kọ́ tó jù, ewúrẹ́ ló bà. Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, mo sì yíjú padà torí pé ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kejì ó ní ṣé mi ò ní agbọ̀n tó kù tí wọ́n fẹ́ gbé lọ. Mo ní kò sí. Ó ní òun á kúkú lọ bẹ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n fẹ́. Kò pẹ́ tó fi di pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè dúró níwájú rẹ̀. Apá tó fi yí sítíárìn akẹ́rù fún ọdún gbọọrọ ni, kò yára, kò gbọ̀n. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ní Apá Ìjagun. Àwọn awakọ̀ gáréèjì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo orúkọ rẹ̀.

Mùsùlùmí ni wá. Ọkọ mi ní àlùfáà ti sọ pé tẹ́tẹ́ ò dáa, òun á ju àwo, òun ò ní ta. Èmi náà ń kírun, àmọ́ ẹnu mi kì í dúró de àlùfáà.

Òfin kan wá wà lórí pápá náà tí mo gbọ́dọ̀ là yé yín. Ọkùnrin kan ju àwo, ó fi gààrí ta lé ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ náà fi gààrí ta lé e. Ó fìdí rẹmi. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n kó gààrí wá, tọkọtaya ní ìkòkò kan náà làwọn ń jẹ, àwọn ò lè san lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo. Àwọn àgbààgbà pápá jókòó, wọ́n dá a lẹ́jọ́ pé láti òní lọ, ẹni tó bá ń jẹun nínú ìkòkò kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń ju àwo kò gbọdọ̀ ta lé e. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹnìkan tó rántí pé ó yẹ kí wọ́n sọ pé kò gbọdọ̀ ta lòdì sí i. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ìta pa, wọ́n ṣí ti ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ gbayawu. Àgbààgbà tó tó gbé ọba jókòó ni o.

Ará Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ wá ní òun fẹ́ bá Apá Ìjagun figa gbága. Ọjà gbọ́, gáréèjì gbọ́. Mo ń polówó ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń polówó àkàrà gbígbóná. Ìyá Oníkòkò ń kọjá lọ, ó dúró.

"Ìyá Alágbọ̀n," ó ní, "ọjà tó o ti ń polówó láti àárọ̀ yìí, kí ló dé tí ìwọ fúnra rẹ ò rà á?"

Mo ní ó mọ òfin, mi ò gbọdọ̀ ta lé ọkọ mi.

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo máa bá ọ rà á. Mo ta lé ọkọ rẹ. Ó ku kí o dá mi lóhùn."

Mo ní ta ni kí n wá ta lé? Ó ní Ará Amẹ́ríkà ló ṣẹ́kù. Àwọn aláta ti ń na etí. Ó ní bí ọkọ mi bá jẹ, òun á gba ojú ìsọ̀ mi, kí n wá tẹ́ agbọ̀n mi sẹ́bàá gọ́tà níwájú ṣọ́ọ̀bù òun. Bí Ará Amẹ́ríkà bá jẹ, òun á kó kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn irin fún mi, n ò sì ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Títí di Iléyá tó ń bọ̀.

"Àbí ẹnu lásán ni?" ó ní.

Ẹni tó bá sọ pé ẹnu mi jẹ́ ẹnu lásán ti bú iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo ṣe ìṣirò oníṣòwò níbi tí mo jókòó sí. Bí ọkọ mi bá jẹ, ìyàwó akọni ni mí. Bó bá fìdí rẹmi, mo nílẹ̀kùn irin, ọrùn mi á sinmi lọ́wọ́ ẹrù. Ibi yòówù kó já sí, èmi ò ní sùn lébi. Mo gbà. Mo tún ń yangàn nínú ara mi pé ta ló gbọ́n tó mi láti ìhín dé Odògbolú.

Nígbà tó di ọjọ́ náà, gbogbo ẹní tó wà nílùú ni wọ́n tẹ́ sórí pápá. Wọ́n ń lé ara wọn bọ̀ láti agbọ̀n dé agbọ̀n. Bí Ará Amẹ́ríkà bá ṣáájú níbí, ọkọ mi á bá a lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ìdí igi máńgòrò tó gbẹ̀yìn, lẹ́bàá igbó, ìjù wọn dọ́gba. Oníkálukú ju ẹyọ kan sún mọ́ ọn. Ará Amẹ́ríkà ju èkejì, àwo náà gbá etí agbọ̀n, ó já bọ́ sílẹ̀. Ariwo ta. Ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n: bí ti ọkọ mi bá wọlé báyìí, ó ti jẹ.

Ó ní kí wọ́n dúró, òun fẹ́ mu omi. Ó rìn wá sọ́dọ̀ mi, mo bu omi fún un. Ó gbé kọ́ọ̀pù dání, kò mu ún.

"Ìyá ilé, mo gbọ́ ohun tí ìwọ àti Ìyá Oníkòkò jọ sọ."

Mo ní, "Ta ló sọ fún yín?"

"Ta ni kò sọ fún mi? Àlùfáà gan-an sọ ọ́ nínú wàásù, kò kàn dárúkọ ni." Ó wo inú omi. "Ilẹ̀kùn irin yẹn, ṣé o fẹ́ ẹ?"

Mo wá irọ́ kan, n ò rí i. Mo ní, "Mo fẹ́ ẹ."

"Mo mọ̀. Mò ń gbọ́ ọ bó o ṣe ń kérora tó o bá ń sọ agbọ̀n kalẹ̀. Bí mo bá ju èyí sígbó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Wọ́n á ní apá àgbà ni, ó ti rẹ̀ ẹ́."

Ẹ gbọ́ mi o. Ọkùnrin tí kò ní nǹkan mìíràn láyé mọ́ ju orúkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí gbà yìí, ó fẹ́ gbé e fún mi bí ẹni gbé ẹran fúnni. Ìṣirò oníṣòwò tí mo ṣe, kò sí èyí nínú rẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ," mo ní, "bí ẹ bá ju àwo yẹn sígbó, ẹ bá a lọ síbẹ̀. Ẹ má padà wá sílé mi."

"Ilé ta ni?"

"Ilé yín. Ẹ ṣáà má padà wá síbẹ̀."

Ó mu omi náà tán, ó dá kọ́ọ̀pù padà fún mi. Ó padà síbi tí àwo rẹ̀ wà.

Ó dúró, ó fa apá sẹ́yìn, ó jù ú. Àwo náà ò kọjú sí agbọ̀n rárá. Apá òsì ló kọrí sí, ó ń lọ sígbó tààrà. Gbogbo pápá mí kanlẹ̀. Mo ní ó ti ṣe é, olórí kunkun yìí ti ṣe é. Mo rí ilẹ̀kùn irin náà lójú ara mi, mo rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo sì kórìíra rẹ̀ bí mi ò ṣe kórìíra nǹkan rí. Bí mo ti ń ro ìyẹn lọ́wọ́ ni àwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó ń yí díẹ̀díẹ̀, bí akẹ́rù tó ru pákó tó ń yí kọ́nà Odògbolú, tí awakọ̀ rẹ̀ mọ ibi tó ń lọ. Ó yí ká igi máńgòrò, ó sì sọ̀ sínú agbọ̀n bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin.

Mi ò mọ ìgbà tí mo fò sókè. Ẹnìkan dì mọ́ mi, èmi náà dì mọ́ ọn, a jọ ń fò, a jọ ń kígbe. Ìgbà tí mo wò ó dáadáa, Ìyá Oníkòkò ni. Òun náà wò mí.

"Ìwọ obìnrin yìí," ó ní, "ṣé o mọ̀ pé ìwọ lo pàdánù?"

"Mo mọ̀. Fi mí sílẹ̀ kí n yọ̀ tán ná."

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo kó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Oníkòkò ti ń retí pé màá sunkún, ó tiẹ̀ ti ní ọ̀rọ̀ ìtùnú tó fẹ́ fi bú mi. Ọkọ mi kò jẹ́ kí n ru ẹyọ agbọ̀n kan. Ó dì wọ́n lé ara wọn, ó rù wọ́n, ó gba àárín ọjà kọjá, bí ó sì ti ń lọ ni àwọn alápatà ń gbé ọ̀bẹ sókè kí i, Apá Ìjagun, Apá Ìjagun. Mo rìn tẹ̀ lé e lẹ́yìn lọ sẹ́bàá gọ́tà bí ìyàwó ọba tó ń lọ sáàfin. Kò sí ẹni tó rántí láti fi mí ṣẹ̀sín.

Gọ́tà ò dára o, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Bí òjò bá rọ̀, agbọ̀n mi á máa léfòó. Àmọ́ oníbàárà wá mi débẹ̀, wọ́n á ní níbo ni ìyàwó Apá Ìjagun wà, wọ́n á gba iwájú Ìyá Oníkòkò kọjá lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò ní ra ìkòkò. Ìyẹn mú inú mi dùn díẹ̀. Ó mú inú mi dùn púpọ̀. Ọkọ mi ń wá ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo wá ru agbọ̀n relé, ọrùn mi sì sinmi láìní ilẹ̀kùn irin.

Àwọn àgbààgbà pápá ti tún òfin wọn ṣe lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ní aya ò gbọdọ̀ ta lé ọkọ, kò sì gbọdọ̀ ta lòdì sí i, kó jókòó, kó pa ẹnu mọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, wọ́n mọ̀ pé kò lè ṣeé ṣe. Eré náà kò sì pẹ́ mọ́. Oòrùn la àwọn àwo náà, Ará Amẹ́ríkà ríṣẹ́ sílùú mìíràn, àwọn tó sì ń ta tẹ́tẹ́ kò lè dá ju àwo, wọn ò mọ̀ ju kí wọ́n so adìyẹ lẹ́sẹ̀. Wọ́n padà sídìí púùlù.

Nígbà tí Iléyá dé, Ìyá Oníkòkò kúrò lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe ṣèlérí, ó tún fi ẹran ránṣẹ́ sí mi, mo jẹ ẹ́, mo sì sọ fún un pé iyọ̀ ò tó. Mo padà sójú ìsọ̀ ìyá mi. Ohun kan tí mo gbé síbẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni agbọ̀n tó wà lára igi máńgòrò yẹn. Mo ní kí ọkọ mi lọ tú u wá. Etí rẹ̀ kan ti ya, òjò ti sọ ọ́ di dúdú. Mo gbé e kọ́ sókè orí mi, níbi tí gbogbo ẹni tó ń wọ ọjà yóò ti rí i.

Àwọn tó ń ná an kì í tán. Wọ́n á ní èló ni ti òkè yẹn, màá ní kì í ṣe títà. Obìnrin kan láti Ayépé fara ya sí mi lọ́jọ́ kan, ó ní agbọ̀n yíya dúdú lásán, kí ló wà nínú ẹ̀ tí mo fi ń fọ́nnu báyìí?

Mo ní, "Ọkọ mi ló wà nínú ẹ̀. Ẹ mú òmíràn."